Iṣu Ìdána Tí Káyọ̀dé Fi Owó Rà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi Fápohùndà ṣì wà láyé, ó ṣì ń dáko lẹ́bàá òkúta lẹ́yìn Ayébọ̀dé, kò sì sí ọdún tí àká iṣu rẹ̀ kì í kún. Yèyé mi wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Adédoyin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé Ìkọ̀lé nítorí pé Ìkọ̀lé ló ti lọ́kọ, òun náà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, ẹnu rẹ̀ sì mú. Adétúnjí olóko kòkó ti Ìpáò wà, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Olúkáyọ̀dé wà. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló kù. Bí mo bá ń rántí wọn, ohùn wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ojú wọn.

Ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwé káàkiri, kí ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni Káyọ̀dé dé Ayébọ̀dé. Ọmọ Ọyẹ́ ni, bíríkìlà ni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ọjà kan, èmi àti yèyé mi jókòó ti igbá ata wa, ni mo rí ọkùnrin kan tí amọ̀ gbẹ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbé iṣu kan, ó béèrè iye rẹ̀. Iye tí obìnrin yẹn pè, ẹ̀rín ló yẹ kí ènìyàn fi dá a lóhùn. Ọkùnrin náà kò ná an. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu lónìí lè má mọ ohun tó burú níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tíṣà lè ra iṣu, ọlọ́pàá lè rà á, àlejò tí kò nílẹ̀ lè rà á. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Èkìtì tí apá rẹ̀ méjèèjì pé máa fi owó ra iṣu jẹ, bí ẹni tó ń ra omi òjò ni. Gbogbo àwọn tó jókòó ní ọ̀wọ́ wa yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Bóyá wọ́n gé e lápá rí ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù."

"Ẹ bá mi bi í bóyá ó fẹ́ ra afẹ́fẹ́. Mo ní díẹ̀ ní ulé."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

"Arábìnrin, kí lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Iṣu tí ẹ rà ni."

"Wọ́n ń tà á, mo sì rà á. Bí mi ò bá rà á, ta ni wọn óò tà á fún?"

"Ẹni tí kò lóko."

"Èmi nìyẹn," ó wí, kò sì tijú. "Mi ò lóko. Ilé ni mo ń kọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò kọ ebè?"

Yèyé mi ní, "Tinúọlá, kọjú sí ata rẹ."

Mo kọjú sí ata. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Káyọ̀dé kò ra ata lọ́wọ́ wa, ata tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè jẹ tán. Yèyé mi a máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ pé ọkùnrin yìí yóò fi ata pa ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti rí ojú mi.

Mọ́tò kan máa ń ti ọ̀nà Ìdó wá tó ń kó búrẹ́dì. Káyọ̀dé ra odidi kan, ó fi bébà wé e, ó fún mi ní ọ̀nà odò. N kò jẹ búrẹ́dì rí. Mo gé etí rẹ̀ jẹ, mo fi èyí tó kù pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi nínú agbọ̀n. Ta ló lè fi òórùn búrẹ́dì pamọ́? Bàbá mi tẹ̀lé òórùn náà débẹ̀ bí ẹni tó ń tọpa ẹran.

Kò pariwo. Bàbá mi kì í pariwo. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó fi ọwọ́ òsì yẹn mú búrẹ́dì náà, ó fún un pọ̀, ó fún un pọ̀ títí ó fi wọ inú ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó wá la ọwọ́ hàn mí.

"Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà fún un. Ta ló fún ọ?"

Mo sọ fún un.

"Bíríkìlà tó ń ra uṣu," ó wí. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́. "Wọ́n ní ó ń fi owó ra ṣúgà sínú ẹ̀kọ. Wọ́n ní ó ń sanwó fún ẹni tó ń lọ aṣọ fún un. Agogo kẹ̀kẹ́ tó dára, ó yọ ọ́, ó ra òmíràn nítorí pé ó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tinúọlá, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ìwọ ni yóò tà gbẹ̀yìn."

"Uṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, Bàbá."

"Owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀." Ó jókòó. "Lọ́dún eéṣú, owó wà lọ́wọ́ èmi náà. Mo ta ẹ̀pà, mo ní owó. Eéṣú jẹ gbogbo oko. Mo di owó mọ́ ìdí aṣọ, mo rìn dé Ìkọ̀lé, mo rìn dé Ọyẹ́, mo rìn dé Ìdó. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba owó. Kí ni wọn óò fi ṣe? Nígbà tí mo padà dé ulé, ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n bí ṣáájú rẹ ti kú. Owó náà wà ní ìdí mi bí mo ṣe ń sin ín."

N kò mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n rí. Yèyé mi kò dárúkọ rẹ̀ fún mi títí tó fi kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn dá ọkàn mi sí méjì. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ Káyọ̀dé, mo máa ń rò pé bàbá mi ń bẹ̀rù ohun tó ti kọjá. Bí mo bá dé ilé tí mo rí àká iṣu, tí wọ́n so wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ènìyàn tó dúró, mo máa ń rò pé òótọ́ ni, kí ni a óò jẹ lọ́jọ́ tí wọn kò bá rí ilé kọ́? Síbẹ̀, bí n kò bá rí Káyọ̀dé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, mo máa ń wá ìdí tí n óò fi gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá.

Ó rán Yèyé Ìkọ̀lé sí bàbá mi. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà láti ṣe alárinà. Mo jókòó lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́.

"Fápohùndà, ọmọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó níwà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ní àká?"

"O fẹ́ kó gbé àká kọ́rùn ni?"

"Kó gbé uṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wá fún mi ní ìdána. N kò béèrè owó. N kò béèrè aṣọ. Bí mo bá rí uṣu oko rẹ̀, n óò mọ̀ pé ọmọ mi kò ní kú sọ́wọ́ rẹ̀."

Bí a ti ń ṣe é nílé wa náà nìyẹn. Iṣu ìdána, oko ọkọ ìyàwó ló gbọ́dọ̀ ti wá. Wọn kì í fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀, kí àwọn àna lè rí irú ilẹ̀ tí ó wá láti inú rẹ̀.

Káyọ̀dé tọrọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè ní àfẹ̀mọ́jú kó tó lọ sí ẹnu iṣẹ́. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó na okùn bíríkìlà láti ìkángun kan dé èkejì, ó ń kọ ebè tẹ̀lé okùn. Àwọn èrò oko a máa dúró wò ó, wọn a máa bi í bóyá ó fẹ́ fi páànù bo ebè náà lórí. Bàbá mi náà lọ wò ó, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó dé ilé ó sọ fún yèyé mi pé, "Ebè rẹ̀ gún bí ògiri." Ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìrètí ọjọ́ yẹn ni mo fi sùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kó wọn lọ sí ọ̀nà Ọ̀tùn lójijì. Wọ́n ní kí ilé ìwé ibẹ̀ parí kí ọdún tó yí. Kò lè kọ̀, iṣẹ́ tó ń jẹ nìyẹn. Nígbà tó fi padà, igbó ti bo ebè mọ́lẹ̀, ọ̀yà ti jẹ èyí tó wù ú. Èyí tó kù kò tóbi ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Ó kó wọn jọ sórí ilẹ̀, ó jókòó tì wọ́n.

"Tinú, kí la óò ṣe?"

"Ẹ gbé wọn lọ fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbìn wọ́n."

"Yóò ní kí n gbé wọn padà fún ọ̀yà."

Bàbá mi ti fún wa ní gbèdéke. Adétúnjí ará Ìpáò ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Àká mẹ́ta ló ní, oko kòkó rẹ̀ sì gbòòrò. Bí Káyọ̀dé kò bá ti gbé iṣu dé kí Àjíǹde tó dé, Ìpáò ni n óò lọ. Adétúnjí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti wá kí wa, ó jókòó, ó jẹ iyán, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń sá wọ yàrá.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Yèyé Ìkọ̀lé wá, ó fọwọ́ tọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. "Dákẹ́ ẹkún. Ó ti bọ́ sí i. Fọkàn balẹ̀."

"Báwo?"

"Má béèrè."

Ohun tó ti ṣe ni pé ó gba owó lọ́wọ́ Káyọ̀dé, ó lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, ó ra iṣu. Ìgbà tí iṣu wọ́n jù lọ nínú ọdún ni. Iye tí wọ́n tà á fún un, ìyẹn iye tí ènìyàn fi ń ra ewúrẹ́, ṣùgbọ́n iṣu náà tóbi, ó gùn, kò sí ọ̀kan tó jẹrà nínú wọn. Káyọ̀dé kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Yèyé, Bàbá ní èyí tí mo gbìn." Yèyé Ìkọ̀lé dá a lóhùn pé, "Ṣé uṣu ń sọ̀rọ̀ ni? Ìwọ ló ń ra uṣu jẹ láti ọjọ́ yìí, ra èyí náà mọ́ ọn." Wọ́n bu erùpẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé, wọ́n fi pa á lára.

Ọjọ́ ìdána pé. Àwọn ará ilé wa jókòó sí ọ̀tún, àwọn ará Ọyẹ́ jókòó sí òsì. Olúdáre, ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ló ṣáájú wọn, nítorí bàbá wọn ti kú. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo ń yọjú láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbé iṣu kalẹ̀ lójú agbo. Àwọn ará ilé wa ń pariwo pé ọmọ bíríkìlà gbìyànjú.

Bàbá mi dìde, inú rẹ̀ dùn. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé iṣu kan. Ó wo orí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé òmíràn. Ó gbé ẹ̀kẹta. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló wa uṣu yìí?"

Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ wo lo fi di àdá mú nígbà tí o ń gé orí rẹ̀?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá."

Bàbá mi gbé iṣu náà ga kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí wọ́n ti gé e. "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wò ó. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá gé orí uṣu, apá ibo ni ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ń dà sí?"

Gbogbo wọn ti rí i.

"Apá kejì lèyí dà sí. Gbogbo wọn. Ní Ayébọ̀dé yìí, ta ló ń fi ọwọ́ òsì wa uṣu, yàtọ̀ sí èmi?"

Ó yípo ilé lọ sí ìdí àká rẹ̀. A gbọ́ tí ó ń ka ọ̀pá. Nígbà tó padà, ó dúró, kò jókòó. "Àlàfo wà ní ẹ̀yìn, níbi tí n kì í dé."

Yèyé mi ti kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Èmi ni, ọkọ mi. Èmi ni mo kó o. Mo tà á fún alájàpá tó ń lọ sí Ìkọ̀lé."

Obìnrin kì í mú iṣu nínú àká ọkọ rẹ̀ láìsọ. Nílé wa, ohun tó lè lé obìnrin kúrò nílé ọkọ ni.

"Kí lo fi owó rẹ̀ ṣe?"

Yèyé mi wọlé. Ó kọjá lára mi, kò wò mí. Ó gbé aṣọ funfun kan jáde, tí wọ́n rán ní Ìkọ̀lé, tó gùn dé ilẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà funfun. "Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ ni. Mo mọ̀ pé o kò ní ra irú rẹ̀ láéláé."

"Aṣọ ọjọ́ kan," ni bàbá mi wí.

Ó wo aṣọ, ó wo iṣu. "Uṣu mi ni wọ́n fi wá fẹ́ ọmọ mi."

Ibẹ̀ ni Olúdáre ti rẹ́rìn-ín. N kò rò pé ó fi ṣe àbùkù. Ẹ̀rín ló já mọ́ ọn lẹ́nu, ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ẹ̀rín fi kárí agbo. Bàbá mi dúró sí àárín wọn. N kò rí kí ojú ti ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ kó ẹrù yín," ó wí. "Láyé mi, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé mo fi ọmọ yìí fún un."

Káyọ̀dé ń fi ojú nu ilẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo gbìn ín, Bàbá. Ọ̀yà ló jẹ ẹ́."

Bàbá mi ti wọlé.

Kò lé yèyé mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Oko ló ń sùn. Ó ránṣẹ́ sí Adétúnjí pé kó máa bọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà lọ, mo di aṣọ mi, mo sá tẹ̀lé Káyọ̀dé lọ sí Ọyẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí ní gbogbo ọ̀nà ju ayọ̀ lọ.

A rò pé ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbà láti so wá pọ̀. Alùfáà Ọyẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ni yóò fà ọ́ lọ́wọ́ wọlé?" Ó ní òun kò lè ka ìkéde lórí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè tí kò fohùn sí i. Kí a lọ bẹ Bàbá, kí a tó wá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbé. Bí àwọn yòókù bá ń jáde lọ gba ara Olúwa, èmi àti Káyọ̀dé a jókòó mọ́ àga. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń pe ìyàwó Olúdáre ní ùyàwó, wọ́n ń pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní ùyàwó. Èmi, Obìnrin Ayébọ̀dé ni wọ́n ń pè mí. Wọn kò bú mi. Ohun tí mo jẹ́ lójú wọn nìyẹn.

Mo bí Lọ́lá, mo bí Bámidélé. Rírà ni a ń ra gbogbo nǹkan. A ń ra iṣu, a ń ra igi ìdáná, a ń ra ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Kò sí oṣù tí ebi pa wá. Síbẹ̀, bí Káyọ̀dé bá gbé nǹkan wọlé, mo máa ń ṣírò owó rẹ̀.

"Bàbá Lọ́lá, kí lèyí?"

"Agboòrùn ni."

"Ṣé kò sí ọ̀kan nílé?"

"Èmi ló wà fún. Èyí ni tìrẹ."

"Ṣé òjò ń pa wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni? Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lórí èyí, ìyẹn a bo orí ilé."

Ó wò mí. "Ẹnu bàbá rẹ lo fi ń sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí agboòrùn. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ẹnu ara mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn.

Lọ́dọọdún, Yèyé Ìkọ̀lé ń lọ bẹ̀ ẹ́. Bó bá ń padà bọ̀, ó máa ń yà sí ọ̀dọ̀ mi. Kó tó jókòó ni mo ti ń bi í.

"Kí ló wí?"

"Ó béèrè bóyá ebi ń pa ọ́."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní rárá, o sanra ju ìyá rẹ lọ."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní òjò yóò rọ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ ní gbogbo ọdún nìyẹn, tàbí èyí tó jọ ọ́. Lọ́dún kan, Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ lọ bá a lóko. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú oko láàárọ̀, ó ní òun kò ní dìde àfi bí Bàbá bá dá òun lóhùn. Bàbá mi ń kọ ebè bọ̀ láti òkè. Ó kọ ọ́ títí ó fi dé ibi tí Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ sí. Ó kọ ebè yí i ká, ó sì kọjá. Nígbà tí oòrùn wọ̀, Káyọ̀dé dìde láàárín ebè, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálé. Mo bu omi fún un. Erùpẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tinú, a ti gbìyànjú."

"Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Kò rẹ̀ mí. Mo kàn ń bẹ̀rù pé ọ̀kan nínú wa yóò kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó yanjú."

Mo rò pé bàbá mi ló ní lọ́kàn. Mo rò pé àgbà ló ń kọ́kọ́ kúrò láyé.

Ọdún tí òṣèlú gbóná, tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ń rìn ní ọ̀nà, ni òjò rọ̀ gan-an. Káyọ̀dé gba iṣẹ́ láti wó ilé alámọ̀ kan kí wọ́n lè fi bíríkì kọ́ ọ. Òjò ti mu ògiri náà. Ó wó kí wọ́n tó múra sílẹ̀ fún un. Wọ́n gbé Káyọ̀dé wálé lórí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ là, ó mọ̀ mí.

"Ṣé wọ́n ti ránṣẹ́ sí Bàbá?"

Mo rò pé bàbá tirẹ̀ ló ń wí, tó ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé bàbá mi ló ní lọ́kàn. Yèyé Ìkọ̀lé wà lọ́dọ̀ wa, ó ti wá kí wa láti ọjọ́ mélòó kan. Ó mú gèlè rẹ̀, ó jáde lọ wá mọ́tò tó ń lọ sí ọ̀nà Ìkọ̀lé.

Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí Káyọ̀dé fi kú.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé bàbá wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Bí mo ti fẹ́ wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, Olúdáre dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún.

"Obìnrin Ayébọ̀dé, ẹ dúró ná. Àwọn àgbà ulé ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ohun tí n óò sọ. Bí ọkùnrin bá kú, a máa ń kéde rẹ̀ fún àna rẹ̀. Àna wo la óò kéde èyí fún?"

Mo fẹ́ kọjá lára rẹ̀, kò yẹ̀.

"A kò dána. Bàbá yín ní kí a kó ẹrù wa padà, mo wà níbẹ̀. Ẹni tí a kò dána rẹ̀ kò lè jókòó ti òkú bí ùyàwó. Ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ wa. Wọn yóò wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin, bí a bá ti sin ín tán, ẹ lè máa lọ bá àwọn ènìyàn yín."

"Àwọn ènìyàn mi wo, Ẹ̀gbọ́n?"

Kò lè wojú mi. Wọ́n mú Lọ́lá àti Bámidélé wọlé. Bámidélé ń yíjú wò mí. Mo jókòó síta, lórí ilẹ̀ tútù. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ nínú ilé. Mo rò pé bí n bá dìde kúrò níbẹ̀, kò sí ibi kankan láyé tí wọ́n tún ń retí mi. N kì í ṣe ọmọ lọ́dọ̀ bàbá mi, n kì í ṣe ìyàwó lọ́dọ̀ ọkọ mi, wọ́n sì ń gba orúkọ ìyá náà lọ́wọ́ mi lọ. Mo gbàdúrà pé kí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ gba ènìyàn méjì.

Mọ́tò dúró lójú títì. N kò gbójú sókè. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó ti gbó, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, Yèyé Ìkọ̀lé dì í lápá. Kò dúró lọ́dọ̀ mi. Ó lọ tààrà bá Olúdáre.

"Níbo ni àna mi wà?"

Olúdáre dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ẹ dákun, ta ni ẹ̀ ń pè ní àna?"

"Olúkáyọ̀dé."

"Bàbá, ojú mi ló ṣe. Ẹ ní láyé yín, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹ fi ọmọ yín fún un."

"Mo rántí ohun tí mo sọ. Ìwọ rẹ́rìn-ín, mo rántí ìyẹn náà." Ó mí. "Mo ti gba ìdána ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó kù."

"Ìgbà wo, Bàbá? Lójú ta ni?"

Bàbá mi kò parọ́ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Yèyé Ìkọ̀lé yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó wá bá mi lóko," ni bàbá mi wí. "Àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo bí i ni, tí o fi fẹ́ mọ ohun tí mo gbà lórí ọmọ mi?"

Olúdáre kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi na ọwọ́ sí mi, mo dìde, ó fà mí wọlé. Ó dúró lókè orí Káyọ̀dé. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, bí wọ́n ti ń pe ọkọ ìyàwó níwájú àna.

"Olúkáyọ̀dé. Ọmọ mi Tinúọlá nìyí. Mo fi fún ọ."

Ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí bàbá ń gbà fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ọkọ. Pé kí ẹsẹ̀ mi tu ilé náà lára. Pé kí n má ṣe ríjà àwọn ará ilé. Pé kí àwọn ọmọ mi má ṣe mọ ebi. Ibì kan wà nínú àdúrà náà tí wọ́n ti ń sọ pé kí ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ jùmọ̀ dàgbà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó dákẹ́. Ó ṣe bí ẹni pé ó gbàgbé, ó fò ó, ó wí pé àṣẹ. Àwọn tó wà ní yàrá náà dáhùn pé àṣẹ.

Ìyàwó Olúdáre ló kọ́kọ́ mira. Ó fa Bámidélé lé mi lọ́wọ́, ó kọjú sí àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ tẹ́ ẹní fún ùyàwó."

Wọ́n tẹ́ ẹ sí apá òsì Káyọ̀dé. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.